Oṣù Tí Ṣùkúrù Kò Sùn

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ara Ṣùkúrù ṣe rí, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè. Ẹ bi Mùyìbátù ìyàwó rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn awunṣọ Ìsẹ́yìn bá ti gbé ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń ju òwú sílẹ̀, Mùyìbátù á yọjú sábẹ́ àtíbàbà òfì tó wà lẹ́yìnkùlé wọn, á na aṣọ tí ọkọ rẹ̀ hun lọ́jọ́ náà, á sì fi ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Tó bá tó ìgbọ̀nwọ́ mẹ́jọ, ara ọkọ rẹ̀ yá. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti ń fẹ́ bẹ́yìn yọ. Tí aṣọ kò bá kúrò níbi tó wà lánàá, á jẹ́ pé Ṣùkúrù jókòó sídìí òfì látàárọ̀, ó di ọ̀kọ̀ mú, kò jù ú lẹ́ẹ̀kan péré. Ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń bá ọkùnrin náà gbé, bó ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, ó sì gbà á gbọ́ ju ohun tí dókítà ń fi kọ́rùn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú àìsàn tó ń ṣe Ṣùkúrù, torí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ojú rí. Kò wú, kò ṣẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ kò gbóná. Ìgbà kan á kàn dé, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù lábẹ́ àtíbàbà yẹn á kọjú sí ògiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò ní wẹ̀. Oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀. Tí Rùkáyàt ọmọ rẹ̀ bá kí i, á máa wò ó bíi pé kò mọ̀ ọ́n rí. Ìgbà mìíràn á tún dé tí nǹkan kan á gbé e sókè, tí ọ̀rọ̀ á máa dà lẹ́nu rẹ̀ bí òjò, tí oúnjẹ àti oorun kò ní jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tó ti kọjú sógiri títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ó dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó sì lọ jókòó sí àárín títì tó lọ sí Ṣakí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ wọkọ̀. Ọlọ́kadà kan ló sáré wọ́ ọ kúrò níwájú ọkọ̀ tó kó iṣu bọ̀ láti Kíṣí. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni Mùyìbátù ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí ọkọ òun má tún padà sórí títì yẹn.

Ọ̀rọ̀ títì yẹn ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Ọmọ́tóyọ̀sí, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń tọ́jú àwọn tí irú nǹkan báyìí ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan láàárín ìlú. Mùyìbátù kò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó dáadáa.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má tàn mí o. Ṣé wọ́n ṣe ọkọ mi ni?"

"Ìyá Rùkáyàt, kò sẹ́ni tó ṣe wọ́n. Ibì kan wà nínú ọpọlọ gbogbo wa tó ń darí inú dídùn àti inú bíbàjẹ́, òun náà ló ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú, ó yá, sùn. Tèmi tiyín, tí inú wa bá dùn títí, á padà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Tiwọn kì í tètè padà. Tó bá ń gòkè, á lọ jìnnà. Tó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, á lọ jìnnà. Bàbá tó bí wọn ńkọ́, ṣé ara wọn dá?"

Mùyìbátù wolẹ̀, ó sì sọ ọ́. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ti bàbá Ṣùkúrù mọ́ fún ọdún mẹ́rin kó tó kú. Wọ́n ní orí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́.

"Ẹ ò rí nǹkan," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́. Àìsùn máa ń tì í, ebi máa ń tì í, ooru, ìdààmú, iṣẹ́ àṣekú. Hóró oògùn kan láàárọ̀, méjì lálẹ́, kí wọ́n sì máa mu omi dáadáa. Oorun ni kí ẹ bá mi máa ṣọ́. Tí wọn ò bá sùn fún alẹ́ méjì, kódà kí inú wọn máa dùn bí inú ìyàwó tuntun, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ pè mí."

Mùyìbátù ní òun ti gbọ́. Lóòótọ́ ló gbọ́.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ọdún kan lé oṣù mélòó kan, Ṣùkúrù kò kọjú sí ògiri, kò sì fò sókè. Ó sanra díẹ̀. Bó bá ti kírun alẹ́ tán, oorun á gbé e lọ. Ìgbọ̀nwọ́ méje lójúmọ́, kò lé, kò dín. Ó di ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í kọrin, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, tí ẹ̀rín rẹ̀ kì í kọjá ètè. Mùyìbátù ń dúpẹ́. Àmọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lálẹ́, á máa rántí pé ọkùnrin yìí ti pa òun lẹ́rìn-ín rí títí òun fi tọ̀ sára. Á yáa tètè bẹ Ọlọ́run pé kó má bínú, á sì yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Ibi tí wọ́n ti ṣe àṣìṣe ni mo fẹ́ sọ báyìí, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Wọn kò sọ òtítọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ wà lábẹ́ àtíbàbà. Mùyìbátù ló dá a lábàá. Ó ní tí wọ́n bá gbọ́ pé ilé ìwòsàn tó ń wo orí ni ọkọ òun ń lọ, wèrè ni wọn yóò máa pè é lọ títí, ta ni yóò sì wá fẹ́ Rùkáyàt tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún? Nítorí náà, nígbà tí àwọn yẹn bi wọ́n pé kí ni oògùn wà fún, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ti ẹnikẹ́ni lójú, Bàbá Ràsáàkì tó dàgbà jù láàárín àwọn awunṣọ náà ní in, á sì máa fi oògùn tirẹ̀ han gbogbo ayé bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ.

Ààwẹ̀ wá dé. Oṣù kẹta ló bọ́ sí lọ́dún náà, nígbà tí oòrùn Òkè-Ògùn kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni, tí páànù orí àtíbàbà á máa dún pá-pá-pá lọ́sàn-án. Ṣùkúrù àti ìyàwó rẹ̀ mọ̀ dájú pé ẹ̀sìn kò ní kí aláìsàn gbààwẹ̀. Ààfáà máa ń wàásù rẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n òfì méje ló tò síra wọn lábẹ́ àtíbàbà yẹn, ọmọ Ádámọ̀ kan kò lè gbé omi sẹ́nu níbẹ̀ kí àwọn mẹ́fà yòókù má rí i. Tí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tí kò gbààwẹ̀, kí ni yóò sọ? Ẹ̀jẹ̀ ríru? Bàbá Ràsáàkì aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru rèé, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko ló máa ń gbà láìyẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí èèyàn gbàgbé. Irọ́ tí wọ́n fi bo ara wọn ló wá dè wọ́n lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀.

"Màá gbà á," ni Ṣùkúrù wí. "Ọgbọ̀n ọjọ́ ni. Ṣé ọgbọ̀n ọjọ́ náà ni yóò pa mí?"

Mùyìbátù ronú títí, ó wá dá ọgbọ́n kan: hóró àárọ̀ ní àkókò sààrì, hóró alẹ́ lẹ́yìn ìṣínu. Ó dà bí ẹni pé ó bọ́ sí i. Àmọ́ oògùn alẹ́ yẹn kì í ṣeré. Nígbà tí àwọn ọkùnrin tó kù bá ń lọ kírun alẹ́ inú ààwẹ̀, Ṣùkúrù á ti máa tòògbé lórí àga. Ní ọjọ́ kẹrin, Mùyìbátù jí i fún sààrì títí, kò jí. Ó gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà láìjẹ, láìmu, láìlo oògùn. Lọ́sàn-án ọ̀kọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà mẹ́ta.

"Ṣùkúrù!" Bàbá Ràsáàkì bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ìyàwó ò jẹ́ kó o sùn ni? Inú ààwẹ̀ la wà o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùkúrù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé, ó ní òun yóò fi oògùn alẹ́ sílẹ̀ títí ọdún yóò fi kọjá. Ó yẹ kí Mùyìbátù yarí. Ó yẹ kó pariwo, kó gbé fóònù. Ohun tó sọ ni pé, "Tó bá ṣáà jẹ́ inú ààwẹ̀ nìkan." Mo ti sọ pé inú ń bí mi. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ló ń gbé láàárín wọn? Ṣé èmi ni mo lọ́mọ tí kò tíì wọlé ọkọ?

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí gùn. Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́jọ. Mẹ́wàá. Mẹ́tàlá. Obìnrin oníbàárà kan tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀ wá láti Ìbàdàn, ó fẹ́ àlàárì fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó ní ṣé yóò ṣeé ṣe kó tó di ọdún. Ṣùkúrù ní kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn yòókù ń wojú ara wọn, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ó da àwọ̀ tuntun kan sínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, Bàbá Ràsáàkì fi ọwọ́ ra aṣọ náà títí, ó ní, "Èyí kì í ṣe ọwọ́ lásán." Wọ́n ní ààwẹ̀ rẹ̀ gbà. Wọ́n ní wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ lójú rẹ̀.

Mùyìbátù pẹ̀lú rí i. Ṣùkúrù ń kọrin. Ó ń jí àdúgbò fún sààrì, ó ń fi àwọn ìyá arúgbó ṣẹ̀fẹ̀ lójú fèrèsé. Ó ń bá Rùkáyàt sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí Mùyìbátù ń yí àkàrà ìṣínu nínú epo, ó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó pè é ní Àpọ́nlé, orúkọ tó fún un nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn, tí kò tún gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti bí ọdún méjìlá. Àkàrà jóná. Ẹ má dá a lẹ́jọ́ lórí àkàrà yẹn o. Ìgbà wo lèèyàn máa ń rí ọkọ rẹ̀ tó sọnù gbà padà?

Ṣé kò mọ̀ pé kì í sùn ni? Ó mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń kan ẹní tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo Ìsẹ́yìn náà kò sùn lóṣù yẹn. Ìrun ń bẹ lóru, ìdáná sààrì ń bẹ, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ń ké. Ta ni yóò máa ṣọ́ oorun ẹni kan níbi tí ìlú ti lajú sílẹ̀? Lọ́jọ́ kan ṣá, ó gbé fóònù, ó wá orúkọ Nọ́ọ̀sì Ọmọ́tóyọ̀sí kàn, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sábẹ́ àtíbàbà, ó na aṣọ. Ìgbọ̀nwọ́ mọ́kàndínlógún. Láti ọjọ́ tó ti ń wọnṣọ, kò wọn irú rẹ̀ rí. Ó ní aláìsàn wo ló lè hun èyí? Ó fi fóònù padà sápò.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ Ṣùkúrù bẹ̀rẹ̀ sí í yára ju etí lọ. Tó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, á fi í sílẹ̀ lágbedeméjì, á mú òmíràn. Ó ní Ọlọ́run fẹ́ kí òun hun aṣọ tí yóò bo orí mọ́ṣáláṣí látòkè délẹ̀. Ó ní òun ń gbọ́ bí òwú ṣe ń dàgbà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn ààwẹ̀, bí àwọn èèyàn ṣe ń jáde láti ibi ìrun, ó gbé àlàárì Bọ́sẹ̀ jáde, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó ń há a fún ẹni tó bá ń kọjá. Bàbá Ràsáàkì sáré dì í lọ́wọ́ mú. Ṣùkúrù yí padà, ó gbá bàbá àgbà náà létí ní gbangba. Fìlà bàbá bọ́ sínú iyanrìn. Mùyìbátù wà níbẹ̀, ó kàn ń pariwo "Yéè!" bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, iná inú rẹ̀ kú. Mi ò mọ bí mo ṣe tún lè sọ ọ́. Ṣùkúrù jókòó láti mu ògì sààrì, ó gbé ife sílẹ̀ láìmu, ó dùbúlẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, nígbà tí gbogbo ìlú wọ aṣọ tuntun lọ sí Yídì, Mùyìbátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀ bí ó ṣe ń mí.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́tóyọ̀sí wá sílé fúnra rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó pe ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn, wọ́n ní ibùsùn ti kún, kí wọ́n ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn padà, ṣùgbọ́n kò ní ṣiṣẹ́ lọ́la, kò sì ní ṣiṣẹ́ lọ́tùn-únla.

"Nígbà wo?"

"Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan rárá, Ìyá Rùkáyàt. Ohunkóhun tí wọ́n lè fi ṣe ara wọn léṣe, ẹ kó o kúrò nílé."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún mi. Ṣé èmi ni mo fà á?"

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ fi àìsàn sí wọn lára," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀ bá ti pè mí."

Mùyìbátù bú sẹ́kún níwájú rẹ̀ bí ọmọdé.

Bàbá Ràsáàkì náà wá. Ojú Mùyìbátù kò ríbi sọ̀, ó wólẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ìgbátí. Bàbá gbé e dìde. Rùkáyàt ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìyàwó, ta ló sọ fún yín pé a ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Àbúrò mi obìnrin wà ní Ìràwọ̀ tí irú ẹ̀ ń ṣe. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ ní kó má gbààwẹ̀. Èmi ni ǹ bá máa bu omi fún un." Bàbá mi orí, ojú rẹ̀ fàro. "Ẹ ò ṣe sọ fún wa?"

Mùyìbátù fi etí ìró rẹ̀ nujú.

Báyìí ni ọjọ́ ṣe ń gun orí ọjọ́. Mùyìbátù kó ọ̀bẹ, ó kó okùn òfì, ó kó oògùn apakòkòrò tó wà lókè àjà, ó kó wọn fún aládùúgbò. Lálẹ́, ó ń so etí ìró rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ Ṣùkúrù, kó lè mọ̀ tó bá dìde. Tí ọkọ̀ ńlá bá fọn fèrè lọ́ọ̀ọ́kán lójú títì, á yára fa etí ìró náà wò. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń bu ògì sí i lẹ́nu, ó ń bá a sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro ó. Ohun tí èèyàn lè ṣe ló ń ṣe, ó sì mọ̀ pé kò sí èyí tó wọ ibi tí Ṣùkúrù wà. Ó kàn ń dúró de hóró oògùn kékeré kan, hóró náà kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, kò kánjú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kọkànlá, ó fi oògùn sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé ife omi dání, ó pè é. Ṣùkúrù yí ojú sí i. Láti ìgbà tó ti dùbúlẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò lanu sọ̀rọ̀ nìyẹn.

"Mùyí. Tí mo bá ń lo èyí, ṣé ẹni tó wà níbí nínú ààwẹ̀ ni yóò padà wá?"

Ó wu Mùyìbátù kó purọ́. "Rárá," ló wí. "Ẹni yẹn kò ní padà wá."

"Ta ni yóò wá?"

"Ẹni tó wà níbí kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó máa ń sùn."

Ṣùkúrù gbé orí kúrò lórí ẹní. "Nínú àwọn méjèèjì, èwo ni ìwọ fẹ́?"

Mùyìbátù la ẹnu. Ẹni tó ń sùn ni mo fẹ́, Bàbá Rùkáyàt, ẹni tí kì í lọ sórí títì. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin ni. Ọkọ rẹ̀ dúró dè é, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde. Omi ló ń jáde lójú rẹ̀, kò sì lè fọwọ́ nù ún torí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún.

"Ẹ ṣáà lò ó," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi lò ó."

Ṣùkúrù mú hóró náà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbé e mì, ó mu omi lé e. Ó dá ife padà fún un.

"Èmi náà," ló wí. "Ẹni inú ààwẹ̀ yẹn ni mo fẹ́."

Ó sì yí padà sí ògiri. Mùyìbátù jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ife lọ́wọ́, kò mọ ohun tí yóò ṣe.